Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó ń darí họ́sípíìsì wa: ẹ dá àga wa padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde họ́sípíìsì wa, ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn tó wà lẹ́nu ikú, lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ èyí. Mo ń kọ ọ́ ní gbangba nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín tí n kò rí èsì gbà. Àwọn tó ní èèyàn nínú yàrá wọ̀nyẹn, àti àwọn tó lè nílò yàrá náà lọ́la, yẹ kí wọ́n mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Fún ẹni tí kò tíì rí ìwé náà: ẹ ní láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, kò sí olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kankan tí yóò jókòó ti aláìsàn mọ́. Iṣẹ́ wa kò ní kọjá ìdí tábìlì ẹnu ọ̀nà, títo fáìlì, gbígbé òdòdó wọlé àti kíkówó jọ. Ẹ ti fagi lé ipò alábòójútó tó ń kọ́ wa, tó sì ń pín wa síṣẹ́. Ìpàdé oṣooṣù wa náà ti wọlẹ̀. Kí a lè mọ̀ pé ẹ mọ rírì wa, ẹ óò máa fún wa ní ìwé-ẹ̀rí lọ́dọọdún, ẹ̀wù tí orúkọ ilé yìí wà lára rẹ̀, àti àmì ẹ̀yẹ fún ẹni tí wákàtí rẹ̀ bá pọ̀ jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibi tó gbẹ̀yìn yẹn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wá síbí ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú. Èrè tí ẹ ń wá fún wa, ó ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì la sì ti ń gbà á. Ìwé yín gba èrè náà lọ́wọ́ wa, ó fi ẹ̀wù dí i. Ohun tí mo ní í bá yín sọ nìyẹn, àlàyé ló kù.

1. Ohun tí à ń ṣe lórí àga yẹn

Ẹ pe iṣẹ́ wa ní “bíbá aláìsàn kẹ́gbẹ́, tí kì í ṣe ara ìtọ́jú”. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹyọ kan péré nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún kejì mi, bàbá kan wà ní yàrá tó kángun sí ọgbà. Káfíńtà ni nígbà tára ṣì le. Kò fẹ́ àdúrà, kò fẹ́ rédíò, kò fẹ́ kí n kàwé sí òun létí. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bi mí ni pé, “Aago mélòó ló lù?” Bí mo bá dá a lóhùn, kò ní tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí yóò tún bi mí. Mo wá aago ńlá kan, mo gbé e kọ́ síbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o. Ó wò ó, ó tún bi mí. Alábòójútó wa, ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nípò yìí, ló là mí lóye. Ó ní, “Kì í ṣe aago ló ń bèèrè. Ó ń wò ó bóyá èèyàn wà níbẹ̀ ni.”

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti bèèrè, màá sọ iye tí aago lù, màá sì fi kún un pé, “Mo wà níbí, bàbá.” Ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Ní Ọjọ́rú tí mo rí i kẹ́yìn, kò bèèrè rárá. Ó na ọwọ́ sórí apá àga tí mo jókòó sí, ìka rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ lórí igi náà, bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n fá a dán. Ó ní, “Ta ló kan èyí?” Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, “Ó mọṣẹ́.” Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Ẹ sọ fún mi fáìlì tí mo lè tò tí yóò fún mi ní irú ọjọ́ yẹn. Ẹ sì sọ ẹni tí yóò wà níbẹ̀ kí bàbá mìíràn má baà máa bi ògiri ní aago.

2. Èrè wa

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ yìí kì í bà mí nínú jẹ́. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́. Mo ti sunkún nínú mọ́tò níwájú ilé yìí débi tí n kò lè ka iye ìgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tí mo sì rí láti orí àga yẹn ló sọ mí di ẹni tí mo jẹ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀. Kí n tó wá síbí, bí wọ́n bá dárúkọ ikú níbi tí mo wà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni màá dá sílẹ̀. Ibí ni mo ti mọ bó ṣe máa ń rí: ẹsẹ̀ á máa tutù, àwọ̀ á yí padà, èémí á dúró fún ìgbà díẹ̀, á tún padà, á tún dúró. Ìró kan máa ń hó lọ́nà ọ̀fun nígbà míì, tó ń dẹ́rù ba àwọn ẹbí ju bó ṣe ń ni aláìsàn lára lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì yín ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi kànìnkànìn kékeré tó tutù rin ètè tó ti gbẹ, bí a ṣe ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ìrọ̀rí, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tí a bá rò pé ẹni náà kò gbọ́ mọ́.

Nígbà tó kan ìyá tó bí mi, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé ló wà. Ìró ọ̀fun yẹn bẹ̀rẹ̀ lóru, gbogbo ilé sì dàrú. Wọ́n rò pé nǹkan ló há a lọ́fun. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn, a jọ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìró náà rọlẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tí kò lè wọ yàrá náà láti ọjọ́ méjì, wọlé wá, ó jókòó sí ìparí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ìyá wa mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí mo bá ní kí n ṣírò ohun tí họ́sípíìsì yìí fún mi, òru ọjọ́ yẹn nìkan ti tó. Ìtọ́jú yín ti wọ ilé tí ẹ kò mọ̀, láti ọwọ́ ẹni tí ẹ kò sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún olúkúlùkù wa.

Ní ti sísọ̀rọ̀ sí ẹni tí kò dáhùn mọ́, àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà tẹ ìwádìí jáde ní 2020. Wọ́n wọn bí ọpọlọ àwọn aláìsàn họ́sípíìsì tó ti wọ wákàtí ìkẹyìn ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn tí wọn kò lajú, tí wọn kò fèsì mọ́. Ọpọlọ àwọn kan nínú wọn ṣì ń jẹ́ ìró lóhùn bíi ti ẹni tára rẹ̀ le. Ìwádìí náà kò sọ pé wọ́n mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ó tó fún mi láti máa kí wọn kí n tó jókòó, kí n sì dágbére fún wọn kí n tó lọ.

Ìkejì ni etí. Mo rò pé mo mọ bí a ṣe ń tẹ́tí tẹ́lẹ̀, àṣé ńṣe ni mo máa ń dúró de ìgbà tí yóò kàn mí láti sọ̀rọ̀. Màmá kan wà níbí tó ń sọ ìtàn kan náà fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nípa ìjà tó wà láàárín òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin láti ọjọ́ pípẹ́. Ìmọ̀ràn kún ẹnu mi. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n là á. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó parí ìtàn náà, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, “Wá bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.” Ó ń sọ, mo ń kọ. Ojú ìwé kan péré ni. Ó ní òun fúnra òun ni yóò fi orúkọ sí i, ó sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó kọ ọ́ tán, létà kan lẹ́yìn ìkejì, ó ń sinmi láàárín wọn. Àbúrò rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì. N kò sí níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi. Ó ní nígbà tí òun wọlé lóru, àwọn méjèèjì ti sùn lọ, ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan lórí àga mi.

Àwọn ọmọ mi ní mo ti yàtọ̀. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, bí àwọn bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ojú mi máa ń wà níbòmíì.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin kan lé mi jáde níbí nígbà kan, ó ní òun kò fẹ́ rí ojú mi. Ó dùn mí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìpàdé oṣooṣù ni mo ti wá rí i pé ọkùnrin yẹn kò lè kọ àìsàn, kò lè kọ abẹ́rẹ́, kò lè ní kí wọ́n má yí òun padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè lé nínú gbogbo wa ni èmi. Nígbà tí mo kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìjanpata, iṣẹ́ ni mo ṣe fún un. Mo ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn yẹ ara mi wò títí dòní.

Èmi nìkan kọ́ ni mo rí èrè. Ọmọkùnrin kan nínú wa ti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí ohun tó rí ní wọ́ọ̀dù kejì. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú síbí padà wá lẹ́yìn ọdún kan láti jókòó ti ọkọ ẹlòmíì. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ fún wa pé ibí nìkan ni wọ́n ti ń retí òun.

3. Orí irú àga yìí ni wọ́n ti rí ìmọ̀ tí ẹ ń lò

Ìwé yín ní họ́sípíìsì òde òní “ti kọjá ìgbà àwọn aláàánú”. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, kò sì bá ìtàn mu.

Cicely Saunders, ẹni tí wọ́n kà sí ìyá họ́sípíìsì òde òní, ti ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì ti ṣe òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìgbé ayé àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn, kó tó gboyè dókítà ní 1957. Ní 1948, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó máa ń jókòó ti ọkùnrin kan tí jẹjẹrẹ ń pa lọ, David Tasma, ẹni tó sá kúrò ní Pólándì, tí kò ní ẹbí nítòsí. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nípa irú ilé tí ìbá dára kí ẹni bíi tirẹ̀ wà. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ó fi 500 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún un, ó ní òun yóò jẹ́ fèrèsé nínú ilé náà. Ọdún 19 ló gbà kí wọ́n tó kọ́lé yí fèrèsé yẹn ká. Ní 1967 ni St Christopher's Hospice ṣílẹ̀kùn, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Saunders lọ ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní St Luke's, ilé kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tálákà tó wà lẹ́nu ikú. Ibẹ̀ ló ti kíyè sí i pé àwọn nọ́ọ̀sì kì í dúró dìgbà tí ìrora bá gbé aláìsàn dè kí wọ́n tó fún un ní oògùn mọ́fíìnì. Wọ́n ń fún un déédéé, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ìrora tó jí. Ìlànà yẹn ló gbé jáde, ló fi ìwádìí gbè lẹ́sẹ̀, ló sì fi kọ́ àwọn dókítà. Ìlànà yẹn náà ni àwọn dókítà yín ń lò lónìí. Ẹni tí kò gba owó oṣù níbẹ̀ ló rí i, nítorí pé ó wà níbẹ̀ tí ó ń wò.

Sandra Clarke, nọ́ọ̀sì kan nílùú Eugene, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1986 nígbà tí bàbá arúgbó kan bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó ti òun. Ó ní òun ń bọ̀, kí òun kọ́kọ́ yẹ àwọn aláìsàn yòókù wò. Nígbà tí yóò fi padà, bàbá ti kú. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, iṣẹ́ ló pọ̀ jù ọwọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí di 2001, nígbà tí ilé ìwòsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò No One Dies Alone, níbi tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò ní èèyàn, kó má baà dá nìkan kú. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn níbòmíì ló ti gbà á lò. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì yín bóyá irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́, ó ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n kò ní odidi ọ̀sán kan láti fi jókòó.

Ní Amẹ́ríkà, òfin Medicare, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ní kí wákàtí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn nínú họ́sípíìsì tó bá ń gba owó ètò náà tó ìpín 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbowó fi ń tọ́jú aláìsàn. N kò ní fi bò: òfin náà ka iṣẹ́ ọ́fíìsì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó tún ní dandan ni kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, kí ẹnì kan sì máa bójú tó wọn, ohun méjèèjì tí ẹ fẹ́ pa rẹ́ gan-an. Ní Kerala, ní Íńdíà, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ló ń wọ ilé dé ilé lọ bá aláìsàn, débi pé nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ìlànà ìtọ́jú ìdẹ̀ra, ìtọ́jú tó ń dín ìrora aláìsàn kù, jáde ní 2008, àárín àwọn aráàlú ló fi ìtọ́jú náà sí.

Ẹ má sì gbàgbé bí àìní ṣe pọ̀ tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn tó nílò ìtọ́jú ìdẹ̀ra lọ́dún kan tó 56.8 mílíọ̀nù, nǹkan bí ìpín 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì ń rí i gbà. Ta ló ń lé èèyàn tó fẹ́ ṣèrànwọ́ lọ nínú irú ipò yìí?

4. Àwọn ìdí tí ẹ kọ sílẹ̀

Ẹ ní ẹ̀rù ẹjọ́ ń bà yín. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ gidi ni. A kì í gbé aláìsàn, a kì í fún un lóògùn, a kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìwé tí gbogbo wa fọwọ́ sí sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìwé náà kò bá tó, ẹ tún un kọ, a óò fọwọ́ sí i.

Ẹ ní ọ̀rọ̀ àṣírí aláìsàn. Níbí, èmi yóò sọ òtítọ́ tó korò. Ọ̀kan nínú wa sọ ohun tí aláìsàn fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ fún ẹbí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kò dára. Ó ba ọkàn ẹni náà jẹ́ ní ọjọ́ tó kù díẹ̀ fún un, kò sì sí àtúnṣe tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ẹni tó sọ ọ́ wọlé síṣẹ́ yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́ èmi, kí wọ́n tó jẹ́ kí n dá wọ yàrá. Nígbà tó fi máa kan ẹni yẹn, ẹ ti sọ ọ́ di ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, láti fi dín owó kù. Bí ẹ bá fẹ́ kí àṣírí wà ní bíbò, ẹ dá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà padà.

Ẹ tún ní ẹ fẹ́ dáàbò bo ọkàn wa, nítorí pé àwọn mẹ́ta fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yìí. Mo bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ kí n tó kọ lẹ́tà yìí. Kò sí èyí tó ní jíjókòó ló lé òun lọ nínú wọn. Ọ̀kan ní òun pàdánù aláìsàn mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sẹ́ni tó pe òun lórí fóònù láti bi òun bí òun ṣe wà. Ìkejì dé sẹ́nu ọ̀nà yàrá kan pẹ̀lú òdòdó, ó bá bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ní ìgbà alábòójútó, ìpè yẹn kì í yẹ̀: kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, yóò ti pè ọ́. Ní ìpàdé oṣooṣù, a máa ń dárúkọ àwọn tó lọ lóṣù náà, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sunkún á sunkún. Wákàtí kan ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń gbé wa dúró nìyẹn, òun náà ni ẹ kọ́kọ́ gé.

5. Ní ti ẹ̀bùn

Mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi ronú kàn án. N kò pẹ̀gàn ìwé-ẹ̀rí, ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ lè nílò rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ná owó lórí wa, àwọn kan ń ti ọ̀nà jíjìn wá, owó ọkọ̀ sì ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ san án fún wọn kí owó má baà lé wọn sílé. Ṣùgbọ́n àmì ẹ̀yẹ fún ẹni tí wákàtí rẹ̀ pọ̀ jù, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹnì kan lè jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó jẹ́ òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí èémí dúró. Ìwọ̀n wo lẹ fẹ́ fi wọn ìyẹn?

6. Ohun tí à ń fẹ́

Àwa mọ́kàndínlógún la jọ ka lẹ́tà yìí, a sì fẹnu kò lórí ohun wọ̀nyí:

Ẹ fagi lé àṣẹ náà kí oṣù tó yí, kí aláìsàn tó bá fẹ́ ẹni tí yóò jókòó ti òun lè rí i. Aláìsàn ni kó máa sọ pé òun fẹ́ tàbí òun kò fẹ́. Ìwé yín kò fi ìbéèrè yẹn lọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ dá ipò alábòójútó padà. Bí owó kò bá tó fún gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Àwa tí ẹ fẹ́ kó máa kówó jọ, a ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ipò yìí gan-an.

Ẹ dá ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àti ìpàdé oṣooṣù padà. Yàrá tí à ń lò fún ìpàdé ṣófo ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kò ná yín ní nǹkan kan.

Ẹ fi ẹni méjì nínú wa sínú ìjókòó yín nígbàkúgbà tí ọ̀rọ̀ wa bá wà nílẹ̀, kí nọ́ọ̀sì kan láti wọ́ọ̀dù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, kí ọ̀kan nínú yín, ẹni yòówù kó jẹ́, wá jókòó fún ọ̀sán kan ṣoṣo kí ẹ tó dìbò. Màá fi í hàn sí àwọn nọ́ọ̀sì, kò ní ṣe ju kó jókòó lọ.

Nígbà tí mo wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó kọjá, mo gba iwájú yàrá tó kángun sí ọgbà. Wọ́n ti gbé àga náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ti to páálí ìwé lé e lórí. Màmá kan tí n kò mọ̀ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé orí díẹ̀, ó ní, “Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó wá jókòó tì mí?”

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ bèèrè.”

Mo ń bèèrè lọ́wọ́ yín.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá ní Ọjọ́rú